Leatherman Wave+ àbí Victorinox Pioneer X: èwo ló yẹ àpò sòkòtò?

Irinṣẹ́ kíká tó kó oríṣiríṣi nǹkan pọ̀ sójú kan ni méjèèjì, ṣùgbọ́n pìláyà lẹ ń rà tí ẹ bá ra Leatherman Wave+. Gbogbo nǹkan yòókù, èènì ni. Imú rẹ̀ tín-ín-rín tó láti fa ìṣó kékeré yọ nínú táyà, ìdí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó láti di nọ́ọ̀tù mú. Ibi tó fi ń gé wáyà ṣeé pààrọ̀: bí irin líle bá ti kán an lẹ́nu, ẹ tú sùkúrù rẹ̀, ẹ fi tuntun sí i. Àtúnṣe ọdún 2018 nìyẹn. Lára Wave àtijọ́, èyí tó bá kán ti kán náà nìyẹn.

Ìwúwo ni wàhálà rẹ̀. 241 giramu nínú àpò sòkòtò lásán á máa fa sòkòtò wálẹ̀, á sì máa gbá yín nítan. Inú àkọ̀ lára bẹ́líìtì ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ń fi wáyà jẹun ò ní ráhùn. Ẹni tó jẹ́ pé páálí, ọ̀rá àti èso ló ń gé lójúmọ́ ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù kiri, Pioneer X, ọ̀bẹ kíká Victorinox, ni mo fọwọ́ sí fún un.

Ẹ lè fi ọwọ́ kan ṣí ọ̀bẹ Wave+ láìtú pìláyà rárá. Tó bá ti ṣí tán, irin pẹlẹbẹ kan á dábùú ìdí rẹ̀, kò ní padé àfi tí ẹ bá fi àtàǹpàkò ti irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gé ara wọn, torí àtàǹpàkò wà lójú ọ̀nà ọ̀bẹ tó ń padà bọ̀. Ẹ tì í, ẹ jẹ́ kí ọ̀bẹ yẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé àtàǹpàkò kúrò, kí ẹ tó wá pa á dé. Kò ní òòlu tí a fi ń lu ihò, èyí sì dùn mí. Ihò tí orí sùkúrúdíráfà ń wọ̀ lára rẹ̀ tún pẹlẹbẹ: orí ti Leatherman nìkan ló ń wọ̀ ọ́, àyàfi tí ẹ bá ra àfikún tí orí onígun mẹ́fà tó wọ́pọ̀ lọ́jà ń wọ̀.

Pioneer X kò tó 100 giramu. Aluminiọ́ọ̀mù ni èèkù rẹ̀, wọ́n tẹ àmì wẹ́wẹ́ sí i lára kó má baà yọ̀ lọ́wọ́ tó ń làágùn. Ọ̀bẹ kan, òòlu, ìṣígolo àti ìṣígò tí imú wọn ń tú sùkúrù, àti àlùmọ́gàjí. Àlùmọ́gàjí yìí ló fi ju Pioneer lásán lọ. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kán, ṣùgbọ́n wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Irin ọ̀bẹ náà kì í pẹ́ kú, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ mú: ẹ dà á dé òkúta bí ìwọ̀n dígírì 15 sí 20 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Pioneer X kò ní irin ìdábùú bíi ti Wave+ o. Sípíríǹgì ẹ̀yìn nìkan ló dì í mú, tí ẹ bá fi ṣóńṣó rẹ̀ gún nǹkan, ó lè ká lé yín níka.

Ìdọ̀tí àpò ló ń jẹ́ kí méjèèjì le láti ṣí. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀mélòó kan nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, ẹ kán epo ẹ̀kán kan sí oríkèé. Irin tí kì í dípẹtà náà ń dípẹtà tí òógùn tàbí omi òkun bá sùn lára rẹ̀. Kò sì sí rọ́bà lára èèkù èyíkéyìí, nítorí náà ẹ má fi gé wáyà tí iná wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá pa iná NEPA, ẹ rántí ínfátà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin ti bá yín yàn. Ọ̀bẹ kíká tí kò ní ìdábùú, tí ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 3 lọ, ẹ lè mú un rìn láìwí àwíjàre. Ojú ọ̀bẹ Wave+ kò tó íǹṣì 3 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìdábùú, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí gúnmọ́ bíi ti iṣẹ́. Tí ẹ bá sì ń wọ bàálù, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ kó o sí.