CIPD Level 5 tí mo ṣe ní Leeds: ohun tí ojú mi rí látìgbà tí mo ti sanwó

Ẹ kú déédé àsìkò yìí o. Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń bi mí lórí WhatsApp pé ṣé CIPD tí mo ṣe yìí, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ HR (àbójútó òṣìṣẹ́) tí ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ CIPD nílẹ̀ UK ń fúnni, dáa lóòótọ́, ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà, ṣé èèyàn lè máa ṣiṣẹ́ kíà (ìtọ́jú àwọn tí ò lè dá tọ́jú ara wọn) kó tún máa ṣe é, mo wá ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Leeds ni mò ń gbé, ọmọ 2 ló wà lọ́wọ́ mi, shift alẹ́ ni mò ń ṣe ní kíà-hóòmù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, oṣù 14 ló gbà mí.

Level 5 ni mo ṣe, ìyẹn Associate Diploma in People Management. Level 3 wà nísàlẹ̀ ẹ̀ fún ẹni tí ò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ HR rí, Level 7 ló wà lókè, ìyẹn ti wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú másítáàsì. Nàìjíríà ni mo ti ka Industrial Relations, mo sì ṣe ọdún 4 ní ofíìsì HR ilé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn kí n tó wá síbí, torí náà Level 7 ló wà lọ́kàn mi. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti ń ṣe HR látọjọ́ pípẹ́ ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àbúrò mi, òfin iṣẹ́ ibí yàtọ̀ sí ti ilé o, 5 ni kó o ti bẹ̀rẹ̀." Mo gbọ́ tiẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ dòní.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé mi ò jókòó ṣe ìdánwò kankan. Àsáínmẹ́ǹtì ni gbogbo ẹ̀. Yúnítì 7 ni: 3 tí gbogbo èèyàn ń ṣe, 3 tó jẹ́ ti HR gan-an, 1 tó o máa fúnra ẹ mú, òfin iṣẹ́ lèmi mú. Yúnítì kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ọ̀rọ̀ 4,000. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé kò sí ìdánwò ẹ lè rò pé ó rọrùn, èmi náà rò bẹ́ẹ̀, àmọ́ fún àwa tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé ká há ìwé sórí, ká lọ tú u sílẹ̀ nínú họ́ọ̀lù, ká gbàgbé ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ gan-an ló ti le.

Àsáínmẹ́ǹtì àkọ́kọ́ mi, apá kan nínú ẹ̀ dá lórí àwọn ohun tó ń ti ìta wá da ilé iṣẹ́ láàmú, PESTLE ni wọ́n ń pè é. Mo kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀, mo to orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jọ sínú ẹ̀, ó gún régé lójú mi. Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà ló padà dé pẹ̀lú Refer, ìyẹn ni pé kò tíì yege, lọ tún un kọ. Gbólóhùn kan péré ni ẹni tó máàkì ẹ̀ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́: níbo ni ilé iṣẹ́ rẹ wà nínú gbogbo eléyìí? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ alẹ́ dé ni lọ́jọ́ yẹn, mo sunkún, àmọ́ nígbà tí mo sùn jí mo tún un kà, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Kò bi mí pé kí ni PESTLE, ó ń bi mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àti pé báwo ni mo ṣe mọ̀.

Mo wá tún un kọ látorí kíà-hóòmù wa. Ní March 2024 ìjọba ilẹ̀ yìí ní àwọn òṣìṣẹ́ kíà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti òkè òkun ò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wọn dání mọ́, nígbà tó di April owó wákàtí kan tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọdún 21 gòkè dé £11.44. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí là ń sọ ní staff room lójoojúmọ́, mi ò mọ̀ pé òun gan-an ni ìdáhùn tí wọ́n ń wá. Mo kọ bá a ṣe ń wá èèyàn tì, bí agency tó ń yá wa lóṣìṣẹ́ ṣe ń gba owó gọbọi lórí shift kan ṣoṣo, bí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń kùn pé àwọn tó dé lánàá ti ń gba iye táwọn ń gbà. Pass ni wọ́n fún mi. Látìgbà yẹn ni mo ti ń mú ìwé kékeré kan dání lọ síbi iṣẹ́, ohun tí mo bá rí mo máa kọ ọ́ sí i.

Yúnítì kan wà tí wọ́n ń pè ní Evidence-based practice, ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù ẹ̀ torí ìṣirò wà níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù. Tí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ 60, tí 15 nínú wọn fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún kan, 25% nìyẹn, irú ẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀ ni pé kó o wádìí ohun tó lé wọn lọ, kó o má kàn gba ohun tí mánéjà sọ. N'Íbàdàn, tí ọ̀gá bá ti ní "àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ ṣiṣẹ́", ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, a ti máa wá ẹlòmíì. Yúnítì yìí ló kọ́ mi pé kí n máa béèrè pé níbo lẹ ti rí i, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. Nínú gbogbo ohun tí mo sanwó fún, òun ló wúlò fún mi jù.

Òfin ni mo fẹ́ràn jù ṣá. Labour Act ti Nàìjíríà wà lórí mi: ẹni tí ò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ 1 ni nótíìsì ẹ̀, ẹni tó ti lo ọdún 5 sókè, oṣù 1, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá ti fún ẹ ní nótíìsì tàbí owó ẹ̀, wọ́n gbà pé ó parí. Níbí, Employment Rights Act ti 1996 ní ìdí gbọ́dọ̀ wà, ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà dá èèyàn dúró sì gbọ́dọ̀ tọ́. Equality Act ti 2010 wá ka ohun 9 tí wọn ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́, ẹ̀yà wà níbẹ̀, ẹ̀sìn wà níbẹ̀, oyún náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti bi mí rí nínú intafíù nílé pé ìgbà wo ni mo fẹ́ bímọ, torí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi eléyìí kún un: York tí kò jìnnà sí wa rárá ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tó padà di CIPD sílẹ̀ ní 1913, Welfare Workers' Association ló ń jẹ́ nígbà yẹn, àwọn tó ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ní fáktírì ló wà nídìí ẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti kà á ni mi ò ti fi iṣẹ́ kíà pamọ́ nínú CV mi mọ́.

Wàyí o, ibi tó dùn mí. Ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí CIPD fọwọ́ sí ló kọ́ mi, mi ò ní dárúkọ wọn. Iye tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù ni wọ́n fi polówó, àpapọ̀ ẹ̀ lé díẹ̀ ní £2,000, owó ẹgbẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ san fún CIPD ò sì sí nínú ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni mo san án. Wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 làwọn fi ń máàkì, ọ̀sẹ̀ 3 ni mò ń dúró ní tèmi. Olùkọ́ 3 ni wọ́n pààrọ̀ fún mi, ìméèlì mi kan wà ńlẹ̀ fún ọjọ́ 12 kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lóhùn, nígbà tí àìsàn ọmọ mi wá dá mi dúró wọ́n tún ní kí n sanwó kí wọ́n tó sún ọjọ́ síwájú. Kíláàsì tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáa gan-an, ìyẹn ò ní kí n má sọ ọ́, aago mẹ́ta òru ni mo máa ń wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìméèlì: ọjọ́ mélòó lẹ fi ń máàkì, ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn lè tún un kọ láìsanwó, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi ńkọ́? Kẹ́ ẹ sì lọ wò ó lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì CIPD fúnra ẹ̀ bóyá wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí.

Àwọn kan á tún kàn sí yín pé àwọn lè bá yín kọ àsáínmẹ́ǹtì, wọ́n kàn sí èmi náà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tí ò mọ ibi iṣẹ́ yín, kí ló fẹ́ kọ?

Ní ti owó oṣù, iṣẹ́ HR tí mo kọ́kọ́ rí, owó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí mò ń gbà ní kíà lọ tí mo bá ṣe overtime, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gbà pé ó tó owó tí mo san. Mo wà lórí yúnítì kẹfà nígbà tí mánéjà wa fóònù ìyá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, pé kó má wá mọ́, torí ó ti pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọdún 5 ni ìyá yẹn ti lò níbẹ̀. Mo tẹ ìwé ìlànà Acas, àjọ tó ń rí sí aáwọ̀ ibi iṣẹ́ nílẹ̀ yìí, jáde, mo gbé e lọ bá mánéjà, mo ṣàlàyé pé lẹ́tà ló yẹ kó ṣáájú, ká wá jókòó, kí ẹnì kan tẹ̀ lé ìyá náà wọlé tó bá fẹ́, kó sì láǹfààní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àti pé tí tribunal (ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́) bá rí i pé wọ́n fojú di ìlànà yìí wọ́n lè fi tó 25% kún owó tí wọ́n máa ní kí wọ́n san. Kò kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn nínú, ó ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n ṣe mítìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá gbọ́ pé wọ́n ti yí àkókò bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ àdúgbò ẹ̀ padà, kò sí bó ṣe lè dé kó tó di aago méje ààbọ̀. Wọ́n sún shift ẹ̀ sí aago mẹ́jọ. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.