Ilé ni mo ti gbọ́ Sípáníìṣì ju kíláàsì lọ: àgbéyẹ̀wò ẹ̀kọ́ mi ní Antigua Guatemala

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́ ní Houston. Ẹni tó bá mọ ìlú náà mọ̀ pé kò sí wọ́ọ̀dù téèyàn máa wọ̀ tí kò ní bá aláìsàn tó jẹ́ pé Sípáníìṣì nìkan ló gbọ́. Ó ti sú mi kí n máa dúró de ògbufọ̀ orí fóònù kí n tó lè bi àgbàlagbà kan pé níbo ló ń dùn wọ́n. Ni mo bá kówó jọ. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo forí lé Antigua Guatemala, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Guatemala ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, láti lọ kọ́ èdè náà, kí n sì máa gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan níbẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo kà kí n tó lọ, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fi wéra: èwo ló dára, èwo ló wọ́n. Ó dáa kéèyàn wò ó. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ilé tí wọ́n bá fi yín sí ló máa sọ bóyá owó yín ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Antigua kò tóbi. Nǹkan bíi kìlómítà 40 ni sí olú-ìlú tí bàlúù ń balẹ̀ sí, àmọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ lè fa ìrìn wákàtí kan di méjì. Antigua gan-an ni olú-ìlú nígbà kan, kí ilẹ̀ tó mì tìtì ní 1773, tí wọ́n fi kó ìjọba kúrò níbẹ̀. Àwókù ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà náà ṣì wà káàkiri àdúgbò. Títì olókùúta ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ kó bàtà tó nípọn dání.

Olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Wákàtí mẹ́rin láràárọ̀, Mọ́ńdè sí Fráídè, lórí tábìlì kékeré nínú àgbàlá. Kíláàsì wákàtí 20 pẹ̀lú ilé àti oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sábà máa ń wà láàárín dọ́là Amẹ́ríkà 250 sí 400. Olùkọ́ mi mọṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ lò ó fún, ó pa ìwé tì, ó di aláìsàn, èmi di nọ́ọ̀sì: ibo ló ń dùn yín, láti ìgbà wo, oògùn wo lẹ ń lò. “Usted”, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ wọn, ló ní kí n máa lò fún gbogbo aláìsàn, àwa tí a mọ “ẹ” ò sì lè ṣàròyé nípa ìyẹn. Fáwẹ́lì wọn rọ̀ wá lọ́rùn, márààrún ló wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Ohun tó le ni pé gbogbo nǹkan lórí ilẹ̀ ayé ló jẹ́ akọ tàbí abo lójú wọn, àga, tábìlì, ọwọ́, omi, tó sì jẹ́ pé “ó” kan ṣoṣo làwa ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́.

Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mí sí dùn mí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n kó gbogbo wa sí, akẹ́kọ̀ọ́ láti Jámánì, Kánádà, Amẹ́ríkà, gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ di alẹ́. Ìyálé ilé a gbé oúnjẹ kalẹ̀, a dé e, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà kò jókòó tì wá. Ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ “ẹ máa gbé bí ọmọ ilé” sórí ìkéde wọn, wọ́n sì ti gbowó lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo lọ bá wọn lọ́fíìsì, wọ́n ní kò sí ilé mìíràn. Mo tún padà lọ, mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni, mo kàn ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, títí wọ́n fi wá ilé mìíràn fún mi.

Ilé kejì ni mo ti gbọ́ èdè. Màmá àgbà kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ-ọmọ méjì, èmi nìkan ni àlejò. Tí èèyàn bá jẹun tán níbẹ̀, kó tó dìde, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì, “muchas gracias”, gbogbo wọn a sì dáhùn “buen provecho”, kí oúnjẹ náà ṣe ara lóore, títí kan ọmọ kékeré. Ọmọ tí wọ́n tọ́ sílé Yorùbá ò ní rí i bí àjèjì.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń jèrè jù. Màmá a da ẹ̀wà dúdú sórí tábìlì, a ó jọ máa ṣà á, òkúta lápá kan, èyí tí kòkòrò ti jẹ lápá kejì. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń sọ̀rọ̀. Ní àkókò yẹn, olùkọ́ ń kọ́ mi ní ọ̀nà méjì tí Sípáníìṣì ń gbà sọ ohun tó ti kọjá: ọ̀kan fún ohun tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ọ̀kan fún ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì parí. Mo ti há a sórí, síbẹ̀ kò yé mi. Ni màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ilẹ̀ ríri ọdún 1976. Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, aago mẹ́ta òru ti lù, ọmọdé ni nígbà náà. “Dormíamos,” àwọn ń sùn lọ́wọ́. Ó dákẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì, ẹ̀wà fọ́n ká. “Tembló.” Ilẹ̀ mì. Ó sọ bí ògiri alámọ̀ ṣe ń wó, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń sun ìta nínú òtútù. Nǹkan bíi 23,000 èèyàn ló bá a lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò ṣi ọ̀nà méjèèjì yẹn lò mọ́. Mo sọ ọ́ fún olùkọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ní ohun tí òun ń gbàdúrà fún gan-an nìyẹn.

Oúnjẹ ò ní fìyà jẹ yín: ẹ̀wà, ẹyin, dòdò, tòtíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ata kì í sí nínú ọbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹ béèrè chiltepe, ata wẹ́wẹ́ tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan, yóò bá yín lára mu. Bí ẹ bá rí gílóòbù pupa lẹ́nu ilé kan lọ́jọ́ Sátidé, tamales, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ewé wé sè, ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ẹ yà. Ẹ fi owó oúnjẹ ọjọ́ Sọ́ńdè pamọ́ o, torí ọ̀pọ̀ ilé kì í dáná fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn ìnira kan wà. Iná mànàmáná tó wà lórí ẹ̀rọ ìwẹ̀ ló ń mú omi gbóná. Tí ẹ bá ṣí omi púpọ̀, tútù ló máa dà lé yín lórí. Pépà inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, inú garawa ni wọ́n ń jù ú sí. Òwúrọ̀ àti òru tutù, kò sì sí ẹ̀rọ amúlégbóná. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí ẹnì kan ládùúgbò, báńgà á dún gbàù kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n tún máa ń bi mí bóyá ará Livingston ni mí, níbi tí àwọn Gàrífúnà, ìran aláwọ̀ dúdú, ń gbé lẹ́bàá òkun Karíbíà. Mi ò kà á sí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ló ń dá sílẹ̀.

Ohun kan tí mi ò rí kà níbikíbi kí n tó lọ: àwọn obìnrin tó ń ṣe tòtíyà ní igun àdúgbò wa, Kaqchikel, ọ̀kan lára èdè àwọn Maya tó jẹ́ onílẹ̀ ibẹ̀, ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Èdè Maya tó wà ní Guatemala tó 22. Nítorí náà, ọmọ Guatemala tó bá wá sílé ìwòsàn lè má gbọ́ Sípáníìṣì dáadáa bí a ṣe rò. Mo ti ń béèrè èdè tí wọ́n gbọ́ báyìí.

Ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ tó sanwó: akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń gbé ilé náà? Ṣé onílé ń bá wọn jẹun? Ṣé ẹnì kan máa ń wà nílé lọ́sàn-án? Tí ilé ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, ọjọ́ mélòó ni ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀? Ẹ gba ìdáhùn sínú ìwé. Ẹ má sì jẹ́ kó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Ẹwà ìlú náà kọjá àfẹnusọ nígbà yẹn, wọ́n á fi ìyẹ̀fun pákó aláràbarà tẹ́ títì bí ẹní, ṣùgbọ́n èrò á pọ̀, owó yàrá á gòkè, ọ̀pọ̀ olùkọ́ á sì gba ìsinmi.