Àyẹ̀wò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kan Lórí Ogun àti Ọpọlọ Àtọwọ́dá ní Abẹ́òkúta

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe ní àdúgbò Kútọ̀, lórí bí ọpọlọ àtọwọ́dá (AI) yóò ṣe yí ogun padà, tó owó ìwọlé tí a san. Olùkọ́ náà ṣàlàyé iṣẹ́ Project Maven, èyí tí ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017 kí kọ̀ǹpútà lè máa yẹ àwòrán tí dírónù, ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀ nínú, yà wò. Lẹ́yìn náà ni ó fi hàn pé ní Ukraine, níbi tí ọ̀tá ti máa ń dí ìgbì rédíò tí wọ́n fi ń darí dírónù, wọ́n ti ń lo èyí tó lè dá tẹ̀lé ohun tí wọ́n yàn fún un títí yóò fi kàn án, bí ìsopọ̀ tilẹ̀ já. Apá yìí ló dára jù, nítorí ó jẹ́ kí a lóye ìdí tí àwọn ológun fi ń sáré gbé ìpinnu lé ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́jọ́ bí ẹ̀rọ bá pa aláìṣẹ̀? Ìbéèrè yìí ló ká mi lára jù, síbẹ̀ wọ́n sáré kọjá lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orílẹ̀-èdè 152 ló fọwọ́ sí ìpinnu Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ohun ìjà tó lè dá ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Ohùn jáde kedere, àga sì tó. Ó yẹ kí wọ́n fún wa ní ìwé mú lọ sílé. Mo rọ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama láti lọ nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe.