Ìkìlọ̀: àwòrán "ọ̀dà òróró láti Mòǹgólíà" tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àwòrán lórí Instagram àti Facebook Marketplace, pàápàá ẹ̀yin ará wa tó wà nílùú ọba, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Àwọn kan ń ta àwòrán ẹṣin tó ń sáré, ojú ọ̀run pupa fòò, àgọ́ funfun lórí pápá gbalasa. Wọ́n á ní ọ̀gá ayàwòrán kan ní Ulaanbaatar, olú ìlú Mòǹgólíà, ló kùn ún, pé ọ̀dà òróró (oil paint) gidi ni, pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láyé. Irọ́ ni. Fọ́tò iṣẹ́ oníṣẹ́ ni wọ́n jí gbé, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì, wọ́n wá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ jẹ́ẹ̀lì tó mọ́ gaara lé e lórí kí ojú rẹ̀ lè rí gbágungbàgun. Àwòrán tí ẹ̀rọ tẹ̀ kò burú o. Ẹni tó bá wù kó rà á, àmọ́ iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ ni kó san.

Irú iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń tà yìí ni wọ́n ń pè ní expressionist: bí nǹkan ṣe rí lọ́kàn ayàwòrán ló ń kùn, kì í ṣe bó ṣe rí lójú, ó sì sábà máa ń kó ọ̀dà nípọn sórí kánfáàsì. Nípọn yìí gan-an ni ayédèrú kò lè ṣe dáadáa. Ẹ ní kí olùtajà ya fídíò: kó pa iná yàrá, kó tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa rá lójú àwòrán, kó sì rọra gbé e kọjá. Nínú ọ̀dà gidi, ibi tí ọ̀dà ti ga sókè àti àwọ̀ rẹ̀ jọ ń rìn ni. Ibi tí àwọ̀ búlúù bá tán sí, ibẹ̀ ni ipa búrọ́ọ̀ṣì tó gbé e ń tán sí. Tí wọ́n bá kun àwọ̀ méjì pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì tutù, ẹ ó rí ìlà àwọn méjèèjì nínú ipa kan náà. Ti ayédèrú kò rí bẹ́ẹ̀. Ipa jẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ẹṣin, á gba orí gọ̀gọ̀ kọjá, á wọ inú ojú ọ̀run lọ, àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ ò sì ní bá a yí padà. Ẹ̀yin ni kí ẹ yan ibi tí wọ́n á ya, kí orúkọ yín àti ọjọ́ náà sì wà lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní fídíò ò ṣeé ṣe, ẹ fi í sílẹ̀.

Tó bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ wá awò aláago, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá nílọ̀ọ́po mẹ́wàá. Iṣẹ́ ẹ̀rọ á fọ́nká sí tóótòòtó, ìyẹn àmì kéékèèké: búlúù, pupa tó fara jọ píǹkì, yẹ́lò, dúdú. Ẹ wo ibi ìbuwọ́lù, torí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ibẹ̀. Tí tóótòòtó bá wà nínú ìbuwọ́lù, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ wo etí kánfáàsì náà. Ọ̀dà máa ń ṣàn gba etí, àmì ìka máa ń wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ sábà máa ń dúró gbọnrangandan bíi pé wọ́n fi rúlà gé e, funfun báláú á sì tẹ̀ lé e.

Awò yìí ò lè mú gbogbo èrú o. Ní Dafen, ní Shenzhen lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe àdàkọ, ọ̀dà òróró gidi sì ni. Irú èyí ò ní tóótòòtó kankan. Ìbéèrè kan ló máa ń tú u: "Ṣé mo lè rí èyí kan náà ní 120 sí 90 sẹ̀ńtímítà?" Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo tó ń pariwo ti di ọjà ẹgbàágbèje.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà níbẹ̀. Àwọn ará Mòǹgólíà kì í sábà lo orúkọ ìdílé bíi tiwa. Orúkọ bàbá ló ń ṣáájú, wọ́n sì sábà máa ń gé e sí lẹ́tà kan, orúkọ ẹni fúnra rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹ wo ayàwòrán wọn kan, Б. Шарав, ìyẹn B. Sharav (1869–1939): Sharav ni orúkọ tirẹ̀; Б (B) ti bàbá rẹ̀ ni. Olùtajà tó bá ń fi orúkọ bàbá pe ayàwòrán tó ní òun mọ̀ lójúkojú, kò mọ̀ ọ́n rí. Bí ìbuwọ́lù bá jẹ́ ti ìkọ̀wé ìbílẹ̀ wọn, òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́. Tó bá sùn gbalaja lórí àwòrán, ẹ béèrè ìdí. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọjọ́ orí rẹ̀. Kí ọdún 1990 tó dé, àwòrán tó ń gbé ètò ìjọba sósíálísì lárugẹ ni ìjọba ibẹ̀ ń tì lẹ́yìn, nítorí náà "expressionist 1968, ìjọba ló pàtẹ rẹ̀" nílò ẹ̀rí tó lágbára.

Ní ti ìwé ẹ̀rí olóǹtẹ̀, ọmọ ilé-ìwé lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ má pe nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ẹ lọ wá nọ́ńbà fóònù gálárì tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà fúnra yín: +976 ló ń bẹ̀rẹ̀ ti Mòǹgólíà, dígíìtì mẹ́jọ ló ń tẹ̀ lé e.

Tí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ayàwòrán parí iṣẹ́ tó nípọn, pé ó ti gbẹ, àwọn á ká a fi ránṣẹ́, ẹ má gbà. Afẹ́fẹ́ ni òróró inú ọ̀dà ń fà kó tó le. Èyí tó fẹ́lẹ́ lè gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ èyí tó nípọn ń gba oṣù, ojú rẹ̀ á ti gbẹ tán kí inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Ulaanbaatar lè tutù dé ìwọ̀n 30 sísàlẹ̀ òdo ní January. Ọ̀dà nípọn tí wọ́n ká nínú òtútù yẹn á sán. Inú àpótí, ní títẹ́, ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ sí. Èyí tó fẹ́lẹ́ ṣeé ká, àmọ́ ojú ọ̀dà gbọ́dọ̀ wà níta, páìpù tí wọ́n ká a mọ́ sì gbọ́dọ̀ tóbi.

Ẹ̀yin tó wà nílùú ọba, ẹ béèrè kóòdù tí wọ́n máa kọ sórí fọ́ọ̀mù aṣọ́bodè. Àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ kùn jẹ́ 9701, VAT rẹ̀ sì jẹ́ 5% nígbà tó bá ń wọlé. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jẹ́ 4911, 20% ni tirẹ̀. Oníjìbìtì lè máà fẹ́ purọ́ fún aṣọ́bodè bó ṣe ń purọ́ fún yín. Tí ẹrù bá dé tí 4911 wà lára rẹ̀, ẹ ya fọ́tò páálí náà kí ẹ tó ṣí i.

Ẹ má san owó pẹ̀lú gift card, Western Union tàbí PayPal "friends and family", torí kò sí ààbò olùra níbẹ̀. Tí wọ́n bá tún ní aṣọ́bodè ti dá ẹrù dúró, pé kí ẹ fi owó mìíràn kún un, ẹ má fi kọ́bọ̀ kún un. Ẹni tó bá ti fi PayPal "goods and services" sanwó ní 180 ọjọ́ láti ọjọ́ tó sanwó láti fi ẹjọ́ sùn. Fọ́tò tóótòòtó tí ẹ gba inú awò aláago yà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí ti páálí tẹ̀ lé e.