How to Train Your Dragon: Bàbá Tó Fẹ́ràn Ọmọ Rẹ̀ Ṣùgbọ́n Tí Kò Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Nínú àwọn fíìmù kàtúùnù tí òbí lè jókòó wò pẹ̀lú ọmọ láìtòògbé, èyí tí ilé-iṣẹ́ DreamWorks gbé jáde ní ọdún 2010 yìí ni mo fi síwájú, pàápàá fún bàbá tó bí ọmọkùnrin. Ní erékùṣù Berk ni ìtàn náà ti wáyé, láàárín àwọn Viking, àwọn jagunjagun orí òkun ayé àtijọ́ ní àríwá Yúróòpù, tí wọ́n ti ń bá dírágónì jagun láti nǹkan bí 300 ọdún. Stoick, olórí ìlú, sígbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń mi ilé. Hiccup, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, rí tín-ín-rín bí ọwọ̀ tó ti gbó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọn kò fi bàbá náà ṣe ìkà. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì lanu lẹ́ẹ̀kan náà: bàbá fẹ́ sọ pé kí ọmọ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa dírágónì, ọmọ sì fẹ́ sọ pé òun kò fẹ́ pa dírágónì mọ́. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ó gbé àáké lé ọmọ lọ́wọ́, ó ní kó máa rìn bí àwọn, kó máa ronú bí àwọn, kó sì jáwọ́ nínú "èyí". Ọwọ́ tó fi júwe "èyí" náà, gbogbo ara ọmọ ló nà án sí. Àwa tí "bẹ́ẹ̀ ni, sà" jẹ́ òpin gbogbo ìjíròrò nílé wa yóò rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì ní dénú.

Ní ti ìgbàgbọ́ nínú ara ẹni, ọ̀pọ̀ fíìmù ọmọdé a máa fi orin kan àti ìwàásù kékeré yanjú rẹ̀. Ti Hiccup kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni, ẹ̀rọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló sì fi mú dírágónì dúdú tí ń jẹ́ Toothless balẹ̀. Nígbà tó rí i pé òun kò lè dúńbú rẹ̀, tí apá kan ìrù ẹranko náà sì ti sọnù, ó lọ ṣe òmíràn fún un. Ti àkọ́kọ́ kò tíì pé. Ó tún un ṣe, ó fi gàárì kún un, ó fi ohun tí yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kún un. Inú iṣẹ́ yìí ni ìgboyà rẹ̀ ti ń dàgbà, kò sì sí ẹni tó yìn ín.

Nígbà tí ìyìn bàbá wá dé, ọmọ tó rò pé òun ní ló ń yìn, kì í ṣe Hiccup gan-an. Wọ́n ti sọ fún un pé Hiccup ti di akọni níbi ìdánrawò bíbá dírágónì jà, ó sì fi ìdùnnú wọ ilé àgbẹ̀dẹ, ó fún un ní àṣíborí tí wọ́n fi ìdajì ìgbàyà ogun ìyá rẹ̀ ṣe, ìdajì kejì sì wà lórí òun fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn ti wá ní ohun tí àwọn lè jọ máa sọ wàyí. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì dákẹ́.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ìlàjà wọn. Ogun ìparí fíìmù náà ti le kí Stoick tó tọrọ àforíjì, gbólóhùn mélòó kan péré sì ni, ọmọ ti tún fò lọ. Bàbá tó ti sọ fún ọmọ pé kì í ṣe ọmọ òun mọ́, tó wá ń bẹ̀bẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fún un láyè ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n mo gbà fún wọn pé wọn kò jẹ́ kí Hiccup bọ́ nínú ogun náà láìfarapa: ó pàdánù ẹsẹ̀ kan.

Wọ́n ti fi àwọn òṣèré gidi tún un ṣe ní ọdún 2025, Gerard Butler tó fọhùn fún Stoick ló sì tún ṣe bàbá níbẹ̀; ẹni tó bá ní àyè fún ẹyọ kan, kó wo ti 2010. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 lè bẹ̀rù dírágónì ńlá tó jáde ní ìparí, nítorí náà kí bàbá jókòó tì í, kó sì gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé ilé àgbẹ̀dẹ.