Karyotype tá a ṣe fún ọmọ wa: owó ẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n mo lè fọwọ́ sọ̀yà

Ẹ̀yin ìyá tí dókítà ti sọ fún pé ó jọ pé ọmọ yín ní Down syndrome, tẹ́ ẹ wá ń rò ó pé kí la tún ń náwó sórí karyotype (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ka kromosóòmù, ìyẹn àwọn okùn tíntìntín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá èèyàn) sí nígbà tójú ti rí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe é.

Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ sínú ìgò kékeré tí ìdérí ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, torí sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàyè, wọ́n á gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ọjọ́ 3 kó lè máa pín, bó ṣe ń pín lọ́wọ́ ni wọ́n á fi oògùn dá a dúró, ìgbà yẹn ni kromosóòmù máa ń ki tó sì máa ń hàn dáadáa. Wọ́n á pa á láró, ilà á yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ya á ní fọ́tò, wọ́n á tò ó ní méjì méjì, méjì kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà tiẹ̀, àfi X àti Y tó ń sọ bóyá obìnrin ni tàbí ọkùnrin. 46 ló yẹ kó pé.

Nígbà tí wọ́n gbé tiwa síwájú mi, ojú mi ti bá nọ́ńbà 21 kí wọ́n tó sọ nǹkan kan. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tíntìntín. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀: 47,XX,+21, ìyẹn ni pé gbogbo ẹ̀ jẹ́ 47, obìnrin ni, 21 kan ló sì lé. Látọjọ́ tí mo ti bí i ni mo ti ń dá ara mi lẹ́bi, àwọn kan nínú ẹbí sì ń sọ̀rọ̀ ayé. Dókítà ní látìgbà tí ẹyin ti ń ṣẹ̀dá ni 21 méjì ti kọ̀ tí wọn ò pínyà, pé kò sí ohun tí mo jẹ tàbí tí mo lò tó fà á, pé láti 1959 ni àwọn dókítà mẹ́ta kan, Lejeune, Gautier àti Turpin, ti fi hàn ní Paris pé kromosóòmù kan tó lé ló ń fa Down syndrome. Ẹkún ni mo bú sí.

Ibi tówó yẹn ti lérè gan-an rèé: nínú 100 ọmọ bẹ́ẹ̀, bíi 3 tàbí 4 wà tó jẹ́ pé ṣe ni 21 kẹta yẹn lẹ̀ mọ́ kromosóòmù míì, 14 ló sábà máa ń jẹ́. Ìyá tàbí bàbá lè ní irú ìlẹ̀mọ́ra yẹn lára kó má sì mọ̀, àfi kí wọ́n yẹ àwọn náà wò kí wọ́n tó tún lóyún. Tiwa dá dúró ni. Ìyẹn ló fi wá lọ́kàn balẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní ni pé ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ bà jẹ́, sẹ́ẹ̀lì ò dàgbà, wọn ò sì pè wá, àfìgbà tọ́kọ mi lọ bá wọn níbẹ̀. Ẹ lọ ní Mọ́ńdè, ẹ má lọ ní Fúráìdè, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa sùn sílẹ̀. Ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ jínótáìpù o, AS àti SS ò lè hàn níbẹ̀, ìyípadà yẹn ti kéré jù. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ló máa jókòó tì yín ṣàlàyé ìwé náà.