Gègé Onírin àti Àwòrán Igi Mẹ́ta: Ohun Èlò Ìyàwòrán tí Mo Rà ní Kàbà

Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wù mí láti máa fi gègé àti tàdáwà ya àwọn òkè àpáta tí ó wà ní Ògìdì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra àpò ohun èlò ìyàwòrán kan ní 12,500 náírà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Kàbà. Ìgò tàdáwà dúdú kan, igi ìdìmú kan, ẹnu gègé onírin mẹ́fà àti ogún ewé bébà ni ó wà nínú rẹ̀.

Ṣíṣe àdàkọ àwòrán àtijọ́ ni mo yàn láti fi kọ́ iṣẹ́ náà. Rijksmuseum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Amsterdam ní orílẹ̀-èdè Netherlands, kó ọ̀pọ̀ àwòrán tí ó mọ́ kedere sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni mo sì ti mú àwòrán Igi Mẹ́ta tí Rembrandt, ayàwòrán ará Netherlands ayé àtijọ́, ṣe ní ọdún 1643. Kì í ṣe gègé ni ó fi ṣe é. Ojú páànù bàbà tí a ti fi ìda bò ni ó fi abẹ́rẹ́ ha, ásíìdì sì jẹ ibi tí ó ha wọnú, kí tàdáwà tó kún ojú ìlà náà, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Àwòrán náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 28, ó sì ga tó 21, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bébà A4 mu, nítorí náà mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi bí ó ṣe tóbi gan-an.

Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, tàdáwà kọ̀ láti dúró lára irin náà. Ó ń yí dànù bí omi orí ewé kókò. Díẹ̀ ló kù kí n dá a padà, àfi ìgbà tí mo rántí pé wọ́n máa ń fi epo pa ẹnu gègé tuntun kí ó má baà dípẹtà. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, wàhálà sì tán. Ó yẹ kí ẹni tí ó dì í ti kọ èyí sínú àpò náà. Láti ìgbà náà, n kò rí àléébù kan sọ nípa ẹnu gègé tí ó kéré jù lọ: bí mo bá fọwọ́ lé e fẹ́rẹ́, ìlà rẹ̀ á tín-ín-rín bí irun, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ á yà, ìlà á sì sanra. Òjò tí ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ ní igun òsì lókè ni ó dán mi wò jù, nítorí bí mo bá dúró mí lágbedeméjì ìlà, tàdáwà á dá ẹ̀kán síbẹ̀. Abẹ́ ewé àwọn igi náà ni mo ti rí i pé òkùnkùn kì í ṣe tàdáwà tí a dà sílẹ̀, bí kò ṣe ìlà tí ń dábùú ara wọn, tí ojú funfun kéékèèké ṣì wà láàárín wọn. (Ẹ wo orí òkè lọ́wọ́ ọ̀tún dáadáa: ẹnì kan jókòó síbẹ̀, òun náà ń yàwòrán.)

Tàdáwà náà dúdú bí kóró iṣin, bí ó bá sì ti gbẹ, omi kì í pa á rẹ́. Àmọ́ lásìkò ọyẹ́, kíákíá ni ó máa ń dì mọ́ ẹnu gègé, àkísà ọ̀rinrin kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọwọ́.

Bébà inú àpò náà kò dára rárá. Tàdáwà ń ta gbòǹgbò lórí rẹ̀, ẹnu gègé sì ń họ ọ́ jáde bí òwú. Bébà líle tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, irú èyí tí àwọn atẹ̀wé fi ń ṣe ìwé ìpè ìnáwó, ni mo ń rà báyìí. Mo ti bẹ olùtajà náà pé kí ó máa ta ohun èlò yìí láìfi bébà sí i; ó ní bí mo bá lè mú ẹni mẹ́ta mìíràn wá, òun á yọ 2,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa.